Èpò Àyíká Ilé àti Orúkọ Tí À Ń Pè É

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí onílé tí èpò kì í bá fa wàhálà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe ń bá èpò jà, àti ohun tí èdè wa ń pàdánù nígbà tí a kò bá mọ ẹni tí a ń bá jà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Lóde òní, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà: a kò mọ ẹ̀fọ́ mọ́, a ń pè é ní koríko. Bẹ́ẹ̀, èpò kì í ṣe irú ewéko kan pàtó; ewéko tó bá hù níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ ni èpò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní orúkọ, orúkọ ọ̀hún a sì máa sọ ìwà rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan patanmọ́, yóò pa ewé rẹ̀ dé bí ẹni tó pa itan mọ́. Ẹ gba inú abẹ́rẹ́ olóko kọjá, ẹ ó bá abẹ́rẹ́ lára aṣọ yín. Ẹ fa imí eṣú tu, òórùn ọwọ́ yín yóò túmọ̀ orúkọ náà fún yín.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù ni Akíntọ́lá takú, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Chromolaena odorata. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa; ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọdún 1937 ló bá èso igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1962, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, gómìnà yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n ó takú, kò kúrò. Ewéko tí a ṣán lónìí tó tún yọ lọ́la wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀; bẹ́ẹ̀ ni ewéko kan ṣoṣo ṣe ru orúkọ àwọn alátakò méjèèjì. Ewé yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń rún, tí wọ́n ń fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́ tí àdá bá ṣá wọn.

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Pẹ̀rẹ̀gún àti bọ̀tújẹ̀ ni ààlà tó wà láàárín ilé tí mò ń gbé àti ti bàbá aládùúgbò mi. Lọ́dún kan, ejìnrìn gun ọgbà náà, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì di igbó. Bàbá ní ejò yóò fi ibẹ̀ ṣe ilé, ọ̀rọ̀ wọn sì tọ̀nà. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n oògùn apako. Mo bi í léèrè irú ewéko tó fẹ́ pa. Ó ní, “Koríko ni gbogbo wọn, sà.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn yí i ká.” A rìn. A rí ẹ̀bọ̀lọ̀, a rí rinrin, a rí ètìpọ́nlá, a sì rí gbúre tó tẹ́ rẹrẹ. Bàbá dúró, wọ́n ní, “Gbúre nìyí? Ọjà ni ìyá àwọn ọmọ ti ń rà á wá!” Wọ́n fún ọmọkùnrin náà lówó ọkọ̀, ó sì lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí oògùn tó bá kan ewé kì í bi í léèrè bóyá ọbẹ̀ ni tàbí èpò. Òmíràn nínú wọn sì léwu fún ènìyàn, bíi paraquat tí àjọ NAFDAC fòfin dè láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024.

Orúkọ ni a wá fi ṣe iṣẹ́ náà. Akíntọ́lá takú, a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé, nítorí ìgbà náà ló ń tanná tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé èso rẹ̀ kiri. Abẹ́rẹ́ olóko, a tu ú kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó gbẹ. Ejìnrìn, a wá ìdí rẹ̀ rí lábẹ́ ọgbà. Ẹ̀kan ló le jù. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì lè gún iṣu lu. Ẹni tó fi àdá ṣán an, irun orí rẹ̀ ló gé. Ọkọ́ ni a fi wú u, a sì ṣa gbòǹgbò náà dànù. Ẹ̀kan kò fẹ́ òjìji pẹ̀lú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gúúsù Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi mucuna, ìbátan wèrèpè, bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìwé atúmọ̀ èdè nìkan kò lè pa orúkọ wọ̀nyí mọ́. Ẹnu ẹni tó ń tu èpò ni wọ́n ń gbé. Bí gbogbo rẹ̀ bá di koríko lẹ́nu wa, ọmọ wa yóò jókòó sórí gbúre, yóò sì máa béèrè owó ẹ̀fọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe àgbàlagbà kan jáde, kí ẹ sì ní kó dárúkọ ewéko mẹ́wàá tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá tu èyí tó bá yẹ ní títu.