Ìwé Tiwa, Gègé Tẹni Ẹlẹ́ni: Ẹ Béèrè Kẹ́ Ẹ Tó Ra Kọ̀ǹpútà O!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ń fìyà jẹ àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lábẹ́lẹ̀, ojú sì ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti sọ ọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Èyí tí a gbé sínú pálọ̀ wa ni mò ń wí, tí a fi ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, tí a fi ń kọ̀wé sí káńsù, tí a fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ti ra irú ẹ̀ rí, ẹ ó ti gbọ́ kí ẹni tó ń tà á sọ pé, "Office ti wà nínú ẹ̀, títí láé ni." Gbólóhùn kan yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká.

Ẹja ni mò ń yan ní Òde-Ugbò níhìn-ín, létí omi Ìlàjẹ. Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin kan. Mo kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òkìtìpupa nígbà tí táípì ṣì ń dún kà-kà-kà létí ẹni, nítorí náà kọ̀ǹpútà ò bà mí lẹ́rù. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ dáwó jọ, a ra láàpútọ́ọ̀pù àlòkù kan. Word la fi ń kọ̀wé, Excel la fi ń kọ owó. Bí ẹnì kan bá mú ẹgbẹ̀rún kan wá, mo kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá yá owó láti ra àwọ̀n, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Oṣù kọkànlá 2024 ló dé bá wa. Oṣù kan ló kù ká pín owó. Mo ṣí ìwé owó, gbogbo orúkọ yọ, ṣùgbọ́n mo tẹ iye owó tuntun tẹ̀ ẹ́ tì. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan wà lókè tó ń sọ nípa láísẹ́ǹsì. A pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó mirí, ó ní gbogbo àkọsílẹ̀ ti bàjẹ́, àfi ká mú owó ńlá wá kóun lè bá wa yọ ọ́ jáde.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Kò tó ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ létí omi pé akọ̀wé ti jẹ owó, ó wá ní kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ lè gbé owó mì ni?"

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Owó wà ní báńkì. Àkọsílẹ̀ la ò rí kọ sí mọ́."

Ó ní, "Bí ò bá sí àkọsílẹ̀, báwo lẹ ṣe máa mọ èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Ẹnu mi wọhò. Òtítọ́ ló sọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó ti ẹ̀rọ yìí, mo ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà lókè lápá òsì tí wọ́n kọ File sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí Account nísàlẹ̀. Ẹ tẹ ìyẹn náà. Ibẹ̀ ni Office ti máa ń fi ẹni tó ni ín hàn. Ímeèlì tí mo bá níbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ ẹni tó ni ín.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣàlàyé ẹ̀, bí ọmọ etí omi. Iléeṣẹ́ Microsoft, tí Bill Gates àti Paul Allen dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975, ló ni Word àti Excel. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tà á. Ọ̀kan dà bí ìgbà téèyàn ra ọkọ̀ tiẹ̀: ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó di tiyín lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Irú ẹ̀ ni Office 2021 àti Office 2024. Èkejì dà bí ọkọ̀ tí a háyà. Microsoft 365 lorúkọ ẹ̀. Oṣooṣù tàbí ọdọọdún lẹ ó máa sanwó ẹ̀, ó sì fẹ́ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán, kó lè wò ó bóyá owó ṣì ń wọlé. Fún àwa tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbì, ẹ fúnra yín ẹ rò ó wò.

Ẹni tó ta láàpútọ́ọ̀pù fún wa kò rà èyíkéyìí fún wa. Ọkọ̀ tí ẹlòmíràn háyà ló kó wa sí. Nígbà tí owó ọkọ̀ tán, wọ́n ní ká bọ́ sílẹ̀ láàárín omi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ibi tí ẹnjiníà yẹn ti pa irọ́ rèé. Tí owó Microsoft 365 bá tán, ìwé tí ẹ ti kọ kò bàjẹ́. Ó ṣì ń jẹ́ kí ẹ ṣí i, kí ẹ kà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Fífi nǹkan kún un ni kò gbà. Ìwé tiwa ni, gègé ló jẹ́ tẹni ẹlẹ́ni. Inú ẹ̀rọ tiwa gan-an ni ìwé owó wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dà á sórí fíláàṣì, mo gbé e lọ bá tíṣà kan. LibreOffice ló wà lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Ó ṣí ìwé náà, orúkọ pé, owó pé, àròpọ̀ nísàlẹ̀ pé. A tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí a ti ń ṣèpàdé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mi létí omi wá, ó fi ìka tọ orúkọ ara ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan.

LibreOffice yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá mi ọlọ́jà mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí jìbìtì ńbẹ̀. Ọdún 2010 ni àwọn tó ń ṣe é yà kúrò lára OpenOffice, àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Berlin ní Jámánì ló sì ń mójú tó o. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí oṣooṣù. Àṣẹ wà pé kí ẹ dà á fún ẹlòmíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò pọn dandan: ẹnì kan lè gbà á ní Ìgbókòdá tàbí Òkìtìpupa, kó gbé e sórí fíláàṣì, kó wọkọ̀ wálé, kó fi sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Àbùkù ẹ̀ náà wà o. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sẹ́ni tó ń lo Word, ẹ yan .docx nígbà tí ẹ bá ń kó o pamọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, .odt ló máa lò, ẹlòmíràn á sì ní ìwé yín ò ṣí. Ìlà tàbí àwòrán lè sún díẹ̀ lójú ewé. Ẹni tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó aláràbarà lè bínú sí i. Ti ìwé owó, ó tó, ó ṣẹ́kù.

Nígbà tí a pe ẹni tó tà á fún wa lórí fóònù, ó ní ká gbé e wá, òun á fi "èyí tí wọ́n ti já" sí i. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n á pa ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ lé ajá yín jáde kóun tó wọlé, ẹ bi í kí ló ń gbé bọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2023, ka irú iṣẹ́ yìí mọ́ ìwé téèyàn fọwọ́ kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ti Microsoft gan-an, kó rà á, iṣẹ́ tó dáa ni. Kí ó ṣáà gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà márùn-ún-márùn-ún lọ́nà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lápapọ̀, kí ó sì fi ímeèlì ara ẹ̀ forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kí ó ka ara páálí ẹ̀ pẹ̀lú: èyí tí wọ́n kọ Home and Student sí, wọn ò ṣe é fún òwò.

Àìsàn míì tún wà tí wọ́n máa ń pè ní àìsí láísẹ́ǹsì. Télọ̀ kan ládùúgbò wa ra Office tiẹ̀ lójúlówó, síbẹ̀ ẹ̀rọ ní òun ò dá a mọ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún: ọdún 2009 ló wà ńbẹ̀! Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó rí roboto bíi bọ́tìnnì, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Tó bá kú, aago ẹ̀rọ á padà sẹ́yìn, láísẹ́ǹsì ò ní bá ọjọ́ mu, ojú íntánẹ́ẹ̀tì náà ò ní ṣí dáadáa. A pààrọ̀ ẹ̀, a tún aago ṣe, ó ṣiṣẹ́. Owó bátìrì yẹn ò tó owó àwo ẹja kan.

Ti jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lójijì, ẹ wọ File, ẹ wá Options, lẹ́yìn náà Save. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni Office ń fúnra ẹ̀ tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹ sọ ọ́ di méjì. Atẹ́gùn iyọ̀ ti òkun wa náà ń jẹ irin inú ẹ̀rọ, ẹ máa fi aṣọ bò ó tí ẹ ò bá lò ó.

Láti October 14, 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títún Office 2016 àti 2019 ṣe. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ihò tí olè bá rí lára wọn, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín lónìí bíi ọjà tuntun, ẹ dín owó ẹ̀ kù dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

A pín owó wa nínú oṣù kejìlá lọ́jọ́ tí a dá. Ìyá àgbà yẹn ka tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n fi ibi tí mo kọ ọ́ sí han òun. LibreOffice la ń lò báyìí, mo sì ń tẹ ìwé owó jáde lóṣooṣù. Ẹni tó bá wà nítòsí tó fẹ́ ẹ̀dà ẹ̀, kó béèrè ibi tí akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ti ń yan ẹja. Kó mú fíláàṣì tí ò ní fáírọ́ọ̀sì dání, kó má sì wá lọ́jọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òde-Ugbò, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.