Afurasí Kì í Ṣe Ọ̀daràn

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: afurasí àti ọ̀daràn. Àkọlé ìròyìn á ní ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ọ̀daràn mẹ́fà. Ìpínrọ̀ kìíní á pè wọ́n ní afurasí. Kí a tó kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti di ìgárá ọlọ́ṣà tí ọwọ́ pálábá wọn ségi. Ènìyàn mẹ́fà kan náà ni o, kò sì sí adájọ́ kankan tí ó tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé èdè wa fúnra rẹ̀ ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀daràn ni ẹni tí ó dá ọ̀ràn. Ìṣe náà wà nínú orúkọ: ó ti dá a, ó ti parí. Afurasí ní tirẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ìṣe ẹni náà. Bí a bá fi ojú gírámà lásán wò ó, afurasí ìbá jẹ́ ẹni tí ń fura sí ẹlòmíràn, gẹ́gẹ́ bí apẹja ti jẹ́ ẹni tí ń pẹja, tí akọrin sì jẹ́ ẹni tí ń kọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fura sí ni a ń fi í pè. Lójú tèmi, “a” tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àwa ni: àwa ọlọ́pàá, àwa aládùúgbò, àwa oníròyìn. Ọ̀dọ̀ wa ni ìfura náà wà. (Àwọn onímọ̀ èdè lè bá mi jiyàn lórí èyí, mo ti múra sílẹ̀.)

Òfin pàápàá dúró sí ibi tí èdè dúró sí. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 36, ẹsẹ 5, ní kí a ka ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn sí aláìlẹ́bi títí a ó fi fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e dé iwájú ilé-ẹjọ́, tí wọ́n sì ka ẹ̀sùn sí i létí, ó di olùjẹ́jọ́, orúkọ kẹta tí àwọn oníròyìn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Ẹ̀yìn ìdájọ́ ni ọ̀daràn wà, ọ̀pọ̀ ni kò sì dé ibẹ̀ rárá. Ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ni ó ṣì ń dúró de ìdájọ́.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa, ọmọṣẹ́ aránṣọ. Àwọn ọlọ́pàá kó o mọ́ àwọn ẹlòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tò wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn ayàwòrán, pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà méjì àti oríṣiríṣi oògùn. Ìwé ìròyìn kan gbé àwòrán náà jáde, ó kọ “adigunjalè” sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ohun tí ó ṣe. Ìwé ìròyìn náà kò kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ìyẹn. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á padà, ẹni rere ni, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kan ní kí wọ́n má ṣe rán an wá gba ìwọ̀n aṣọ nílé àwọn mọ́. Àwòrán náà ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó ka irú ìpàtẹ ènìyàn bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníròyìn léèwọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé orí tábìlì olóòtú, níbi tí wọ́n ti ń yọ “afurasí” kúrò nínú “afurasí ọ̀daràn” nítorí pé àyè àkọlé kéré. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n yọ, ẹjọ́ ni wọ́n sì dá.

Ẹni tí ó bá rò pé àríyànjiyàn àwọn onígírámà lásán ni èyí, kí ó rántí Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, àwọn ènìyàn lu akẹ́kọ̀ọ́ Fásitì Port Harcourt mẹ́rin pa níbẹ̀, wọ́n sì dáná sun wọ́n, nítorí pé ẹnìkan ti pè wọ́n ní olè. Kò sí ẹni tí ó dúró béèrè bóyá afurasí ni wọ́n.

Wọ́n á ní, ẹni tí a ká mọ́ ibi tí ó ti ń jalè ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: pé wọ́n ká a mọ́ ibẹ̀, ẹni tí ó rí i, ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìròyìn nìyẹn. Ó tilẹ̀ dùn kà ju kí a kàn sọ ọ́ lórúkọ lọ.

Àṣejù tún wà ní òdìkejì. Àwọn oníròyìn kan bẹ̀rù ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí adájọ́ ti rán lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní afurasí. Ìfura ti tán níbẹ̀. Ẹ pè é ní ọ̀daràn, kí ẹ sì kọ orúkọ ilé-ẹjọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi sí i.