Lẹ́tà sí Àkànní: Ta Ló Ń Jẹ Dátà Rẹ?

Mọ́kọ́lá,
Ìbàdàn.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé ìwé ń lọ déédéé ní Ògbómọ̀ṣọ́? Màmá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o má fi oúnjẹ ṣeré. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lánàá, pé dátà oṣù kan tí o rà lọ́jọ́ Àìkú ti tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pé olè ni àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pé kí n tún fi owó ránṣẹ́. N kò fẹ́ bá ọ jiyàn lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí o kà á tán kí o tó tún tan hotspot fún ẹnikẹ́ni nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yẹn.

Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń jókòó ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì ní Mọ́kọ́lá níbí, tí mò ń ta wákàtí fún oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, aago kékeré kan á sì yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà náà, á máa ka ìṣẹ́jú tó ṣẹ́kù. Ojú gbogbo wọn kì í kúrò lára aago yẹn. Àwọn kan á ti kọ ọ̀rọ̀ wọn sórí bébà láti ilé, kó lè jẹ́ pé títẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n bá dé. Àwọn ọmọ yunifásítì a máa san owó òru mọ́jú nítorí pé ó dínwó. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ibo ni wákàtí òun lọ, ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Hotspot kò ní irú aago bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo gbà pé wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí fóònù rẹ ń ṣe kò ṣòroó yé. Ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí máàsìtì bó ṣe máa ń gbà á, ó wá ń pín in bíi WiFi fún ẹ̀rọ yòówù tó bá mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ. Láti ọdún 2010 ni Android ti ní in, ti iPhone tẹ̀ lé e ní 2011. Títàn án kọ́ ló ń ná ọ lówó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wà lórí rẹ̀, bátìrì ló kàn ń jẹ. Ohun tí àwọn tó wà lórí rẹ̀ bá ṣe ni wọ́n ń yọ lára dátà rẹ, èyí tí wọ́n gbà wọlé àti èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ jáde pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, GB tí làpútọ́ọ̀pù jẹ àti èyí tí fóònù jẹ, ọ̀kan náà ni. Ní Amẹ́ríkà, kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2012, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Verizon san dọ́là mílíọ̀nù 1.25 láti fi parí ìwádìí tí FCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, ń ṣe lórí ẹ̀sùn pé ó ní kí wọ́n mú àwọn áàpù hotspot kúrò níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lè rí wọn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń gba owó ọ̀tọ̀ lórí hotspot. Àwa kì í san owó ọ̀tọ̀ yẹn. Dátà tí a rà náà la fi ń ṣe é.

Ó wá kan làpútọ́ọ̀pù rẹ, òun gan-an ni mo fura sí jù. Nígbà tó bá wọ orí hotspot rẹ, WiFi ló rí. Kò mọ̀ pé ọmọ iléèwé kan ló fi owó oúnjẹ ra ohun tí òun ń lò. Lójú tirẹ̀, WiFi ilé ni, èyí tí wọ́n ti sanwó oṣù rẹ̀ tí kì í sì í tán. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba àtúnṣe Windows tó ti ń dúró láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì lè tó GB mélòó kan. Bí OneDrive bá wà lórí rẹ̀, á máa kó fáìlì rẹ lọ pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn asainmẹ́ǹtì tí ò ń tẹ̀, kò sì ní sọ fún ọ. Ronú sí i: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń wọlé ní Mbps 10, èyí tí a kì í pè ní yíyára rárá, GB 1 kò ní lò tó ìṣẹ́jú 14 kó tó tán. O lè lọ bu omi kí o padà dé, kó ti lọ.

Ohun tí wàá ṣe nìyí, ṣe é lónìí. Tan hotspot, jẹ́ kí làpútọ́ọ̀pù náà so mọ́ ọn. Lọ sí Settings, kí o wọ Network & internet, kí o tẹ Wi-Fi, kí o wá ṣí ibi tí orúkọ hotspot rẹ wà. Wàá rí ibi tí wọ́n kọ Metered connection sí. Tàn án. Láti ìgbà yẹn ni Windows yóò ti mọ̀ pé dátà tí a ń rà ni èyí, ọ̀pọ̀ àtúnṣe náà á sì dúró títí wàá fi rí WiFi iléèwé. Orúkọ hotspot yẹn nìkan ni ìlànà náà bá lọ o. Bí o bá yí orúkọ rẹ̀ padà, tàbí tí o gba ti ẹlòmíràn, àfi kí o tún un ṣe.

Bọ́rọ̀ ṣe rí lórí làpútọ́ọ̀pù náà ló rí lórí fóònù àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. O ní ọ̀kan nínú wọn búra fún ọ pé èsì ìdánwò nìkan ni òun yẹ̀ wò. Mo gbà á gbọ́, ìwọ náà gbà á gbọ́. Ọmọ náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ ti ń retí WiFi láti ọjọ́ pípẹ́. Fọ́tò tó ti yà, áàpù tó fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe, ìtàn WhatsApp tó fẹ́ kó pamọ́, gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n má lo dátà olówó wọn, kí wọ́n dúró de WiFi. WiFi wá dé, ìwọ lo gbé e wá. Android kan lè dá hotspot Android ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ kó sì kó ara rẹ̀ níjàánu, àmọ́ má fọkàn tán an. Ti iPhone ló tún yẹ kí o ṣọ́ra fún jù: nígbà tó bá wà lórí iná, tí wọ́n ti pa ojú rẹ̀, tó sì rí WiFi, ìgbà náà gan-an ló máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sí iCloud, ibi ìpamọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni ín lè ti sùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti parí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, pa hotspot náà. Má sùn kí o fi í sílẹ̀ ní títàn, kódà bí ìwọ nìkan lo wà ní yàrá.

Fíìmù kò nílò àlàyé gígùn. Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù tó mọ́ kedere lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lè jẹ tó GB 1. Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ jọ wo bọ́ọ̀lù lórí làpútọ́ọ̀pù, ìwọ nìkan lo sanwó rẹ̀. Kíláàsì orí Zoom náà lè súnmọ́ GB 1 ní wákàtí kan bí gbogbo yín bá tan kámẹ́rà. Pa tìrẹ bí olùkọ́ kò bá bínú. Ìwé kíkà, ímeèlì àti pọ́tà iléèwé kò gba nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí.

Owó náà kì í sì ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kún owó wọn, ó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí à ń fi ṣeré tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré mọ́, pàápàá fún ọmọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ni owó ti ń wá. Ó dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n ń yan láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti dátà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iléèwé tó ní kí ọmọ fi asainmẹ́ǹtì ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó fún ọmọ náà ní WiFi tó ń ṣiṣẹ́. Títí tí wọ́n fi máa ṣe é, ọwọ́ wa la máa fi tún ìwà ara wa ṣe.

Owó mìíràn tún wà tí o kò kà. Nígbà tí hotspot bá ń ṣiṣẹ́, fóònù ń bá máàsìtì sọ̀rọ̀, ó tún ń bá làpútọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀, ìdí tó fi ń gbóná nìyẹn. Ooru kì í jẹ́ kí bátìrì pẹ́. O ní kò lè dé ọ̀sán mọ́ kó tó kú, mo sì rántí pé abẹ́ ìrọ̀rí lo máa ń tì í sí nígbà tí o bá ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Yọ ọ́ níbẹ̀. Gbé e sórí tábìlì, yọ páálí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí làpútọ́ọ̀pù bá wà nítòsí, okùn USB ló dára jù: tan USB tethering dípò WiFi. Làpútọ́ọ̀pù á máa gba íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù á máa gba iná lára rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá ọ jẹ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáájì fóònù mọ̀ pé iná inú bátìrì náà, owó ni.

Ti pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Yí i padà lónìí. Gbogbo ẹni tí o ti fún rí ló ṣì ní in, fóònù wọn á máa wọlé fúnra rẹ̀ ní gbàrà tí o bá ti tàn án, wọn kò tiẹ̀ ní mọ̀. Fóònù rẹ máa ń fi iye ẹ̀rọ tó wà lórí hotspot hàn, máa wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí sì ju ti owó lọ. Síìmù rẹ ti so mọ́ NIN rẹ. Ohun yòówù tí ẹni tó wà lórí hotspot rẹ bá ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí síìmù rẹ ló ti jáde. Ẹni tí o kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, má jẹ́ kó wọlé.

N kò ní kí o di ahun o. Bí ẹnìkan nínú yàrá yín bá fẹ́ fi asainmẹ́ǹtì sílẹ̀ kí wákàtí tó pé, tàn án fún un, kí o dúró tì í títí yóò fi ṣe tán. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kó wà ní títàn látàárọ̀ dalẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ẹnìkan ló ń sanwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbogbo yín lẹ nílò rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ pàdé, ẹ dáwó, ẹ ra MiFi kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tí dátà rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo yín. Èyí rọrùn láti sọ fún ọ̀rẹ́ ju kí o máa pa hotspot ní kọ̀rọ̀ kí o sì máa díbọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí dátà sì tún ń lọ láìnídìí, a ó mọ̀ pé ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kọ́kọ́ pe 300 kí o fi sùn wọ́n. Bí wọn kò bá dáhùn bó ṣe yẹ, pe NCC ní 622, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní ohun tí wàá sọ fún wọn. Máa tẹ *323# kí o tó tan hotspot, tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí o bá pa á, kí o kọ méjèèjì sínú ìwé kékeré. Má sì fi owó ìpè púpọ̀ sílẹ̀ lórí síìmù náà, nítorí bí dátà bá tán láìmọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyẹn.

Mo ti fi owó dátà sínú àkáǹtì rẹ, ti oṣù kan ni, má ra ti ọ̀sẹ̀. Ṣe ti làpútọ́ọ̀pù yẹn ná kí o tó rà á. Lálẹ́ Sátidé, pè mí kí o ka ohun tí o kọ sínú ìwé náà fún mi. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá rú ọ lójú, má fò wọ́n, kà wọ́n bí wọ́n ṣe rí, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni Àǹtí rẹ,
Àǹtí Ṣadé