Ilé Kékeré Etí Omi Walden

Ìrìn-àjò tí a fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lónìí kì í ṣe èyí tí a lọ wo ilé ńláńlá. Ilé kan tí kò tóbi ju yàrá ìgbàlejò ọ̀pọ̀ nínú yín lọ ni a lọ wò, a sì mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Oko kòkó ni nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa ni igbó ti gba ibẹ̀ padà, igi ìrókò mélòó kan sì wà níbẹ̀ tí apá ènìyàn kan kò lè ká. Ó pẹ́ tí a ti ń fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan síbẹ̀, níbi tí a ó ti máa sinmi kúrò nínú ariwo ìgboro, tí a ó máa kàwé, tí a ó sì máa gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n wa gbà pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a ó bá kọ́lé, kí a kọ́ ilé gidi, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá mẹ́fà. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ibi tí owó yóò ti wá, wọ́n nawọ́ sí àwọn ìrókò náà. Àwọn onígẹdú ti wá wò wọ́n, wọ́n sì ti dá owó lé wọn. Kí a má purọ́ fún yín, ó kù díẹ̀ kí a fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ wà báyìí nígbà tí iṣẹ́ kan gbé wa dé ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kan tí ọwọ́ wa dilẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Concord, tí ó tó nǹkan bí ogún máìlì sí ibẹ̀. Ní ọdún 1844 ni wọ́n la ojú irin yìí dé Concord, ó sì gba ẹ̀bá omi Walden kọjá. Láti àárín ìlú a fi ẹsẹ̀ rìn, máìlì kan àti ààbọ̀ péré. Adágún omi tí ó mọ́ gaara ni, igbó sì yí i ká. A ti rò pé a ó bá ìdákẹ́rọ́rọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn ìyá wọn sì ń pè wọ́n wá jẹun.

Henry David Thoreau ni ẹni tí ó kọ́ ilé náà. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà náà. Ó ti kàwé ní Harvard. Iṣẹ́ pẹ́ńsù ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Emerson ni ó ni ilẹ̀. Ní oṣù March ọdún 1845, ó yá àáké, ó sì gé àwọn igi páìnì tí kò tíì gbó láti fi ṣe òpó àti ìtì. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pákó rẹ̀. Ó ra ahéré ọkùnrin ará Ireland kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ojú irin, ní dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 25, ó tú u palẹ̀, ó sì sá àwọn pákó náà sí oòrùn kí wọ́n lè nà. Bí ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó wọn lọ, aládùúgbò kan dúró ti ibẹ̀, ó ń ṣa àwọn ìṣó tí ó ṣì dára sí àpò ara rẹ̀. Ẹ rí i pé kò sí ilẹ̀ tí a kò ti lè rí irú wọn! Ní oṣù May àwọn ọ̀rẹ́ bá a gbé férémù ilé náà dìde. Ní ọjọ́ 4 oṣù July ó kó wọlé.

Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ìbú rẹ̀, 15 ni gígùn rẹ̀, òpó rẹ̀ sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ilẹ̀kùn kan, fèrèsé ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti ibi ìdáná tí a fi bíríkì mọ. Ó kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1854: ẹgbẹ̀rún bíríkì àlòkù, dọ́là 4, fèrèsé àlòkù méjì pẹ̀lú gíláàsì wọn, dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 43, ìṣó, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 90, àní ẹfun ìfàlà sẹ́ǹtì kan kò gbẹ́yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12½. Ìbá wù wá kí àwọn tí ń ṣírò owó ilé ìjọsìn máa ṣe irú ìṣirò yìí.

Ilé náà gan-an kò sí mọ́. Ní oṣù September 1847 ni Thoreau jáde kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé ilé náà lọ sí ibòmíràn, ó di àká ọkà, wọ́n sì tú u ká ní ọdún 1868. Ọdún 1945 ni a tó hú ìpìlẹ̀ ibi ìdáná rẹ̀ jáde, òkúta sì ni ó sàmì sí ojú ibẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ kan sí ẹ̀bá ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. A wọ inú rẹ̀. Ibùsùn, tábìlì, àga mẹ́ta. Yàrá tí obìnrin ará Ṣúnémù kọ́ fún Èlíṣà ni ó sọ sí wa lọ́kàn: ibùsùn, tábìlì, àga, àti ọ̀pá fìtílà. A na okùn wa, a sì jókòó sórí àga kan fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ohun tí a wá tì níbẹ̀.

Kì í ṣe ohun gbogbo ni a ó fara wé. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó dáná ẹja sísè ní oṣù April 1844 tí iná náà sì jó igbó Concord tí ó tó ọ̀ọ́dúnrún éékà. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tiwa, tí ewé gbígbẹ kì í fi ojú rere wo iná nígbà ọyẹ́, òde ni ilé ìdáná yóò wà, a ó sì ro àyíká rẹ̀ mọ́ títí dé ilẹ̀ pupa. Òtútù ni ó ń bá Thoreau jà. Òjò, ooru àti ikán ni ó ń bá wa jà. Ògiri wa yóò jẹ́ amọ̀ lórí ìpìlẹ̀ òkúta, òrùlé yóò yọ kọjá ògiri dáadáa kí òjò má baà nà án, fèrèsé yóò sì kọjú sí ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá. Omi òjò orí páànù yóò máa dà sínú àmù ńlá. Ṣáláńgá yóò jìnnà sí odò, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ilẹ̀kùn, pákó àti páànù ńkọ́? Ilé bàbá bàbá wa tí ó ti wó ní ìlú ni a ó ti mú wọn. A sì rántí ibì kan nínú oko náà tí igi kò tíì hù dáadáa, èyí ni ibi tí Bàbá wa ti ń sá kòkó. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì le. Bí ilé bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 15, ibẹ̀ tó o, ó sì ṣẹ́kù fún ọ̀dẹ̀dẹ̀. A kì yóò gé igi kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a ya àwòrán rẹ̀ sínú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n wa, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá owó àwọn onígẹdú padà bí wọ́n bá ti gbà á. Ìdáhùn wọn dé. Wọn kò tíì gba owó kankan. Wọn kò sì sọ ohun mìíràn nípa ìrókò, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: “Bí mo bá wá kí ọ, níbo ni èmi yóò sùn?”

A ti kọ̀wé padà pé, ẹ̀yin ni ẹ ó sùn sórí ibùsùn, ẹ̀gbọ́n wa. Àwa yóò tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.