Ọkùnrin Tó Ń Bá Ara Rẹ̀ Jó

Ìbejì ni wá, a jọ ń kọ kóòdù jẹun. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá wa bá wa níwájú dígí níbi tí a ti ń jó, tí à ń mi ìdí. Wọn ò nà wá. Wọ́n kàn ní, "Ṣé obìnrin ni yín ni?" Láti ọjọ́ yẹn, a ò jó níwájú èèyàn mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí à ń ṣe òkú wọn, onílù kì wá títí. A ná an lówó, a dúró bí òpó. Màmá wa ló jó tiwọn, tí wọ́n sì jó tiwa.

Lóru ọjọ́ kan tí iṣẹ́ sú wa, a wo fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ kan, Cover Girl, ti 1944. Gene Kelly ń dá rìn lálẹ́, obìnrin tó fẹ́ràn ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí òjìji rẹ̀ tó wà nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ṣe bọ́ síta nìyẹn, ni wọ́n bá jọ ń jó. Ijó ọ̀hún jọ ìjà.

Kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ẹ̀ nígbà náà. Òun àti Stanley Donen yà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n wá pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ rìn bákan náà nígbà méjèèjì. Bí ẹsẹ̀ Kelly bá yẹ̀ díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kelly náà mọ ọ̀rọ̀ tí bàbá wa sọ. Ní Pittsburgh, wọ́n fi òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé wọ́n ń kọ́ ijó. Ní 1958, ó ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n kan, Dancing: A Man's Game, ó pe àwọn eléré ìdárayá, Sugar Ray Robinson tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ wà lára wọn, kó lè fi hàn pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ijó. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé akànṣẹ́ ló máa wá jẹ́rìí sí ijó ọkùnrin?

Ní ìparí ijó yẹn, Kelly gbé agolo ìdọ̀tí, ó sọ ọ́ lu gíláàsì. Òjìji pòórá, ó wá ku òun nìkan. Àwa méjèèjì dákẹ́. Ẹnì kan nínú wa ló kọ́kọ́ dìde, ó ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A ò mọ̀ ọ́n jó mọ́, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ìrántí bàbá wa ń bọ̀, Màmá ò sì ní dá jó lọ́tẹ̀ yìí.