Ohun Tí Irun Bò

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé sí yàrá tí èmi àti nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Philippines, jọ ń gbé ní Bur Dubai. Bí mo ṣe bọ́ aṣọ iṣẹ́ ni mo rí i ní apá mi: àmì róbótó, etí rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ ń bó. Ẹ ò ní sọ fún nọ́ọ̀sì. Làpálàpá ni.

Ojú mi lọ tààrà sára Ọ̀gá, ológbò tí a gbé láti ẹ̀yìn ilé wa, nítòsí Al Fahidi, níbi tí ológbò ìgboro ti pọ̀ bí ewúrẹ́ ṣe pọ̀ n'Ìbàdàn. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Irun rẹ̀ kún, ó ń dán. Ta ló máa rò pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀?

Dókítà ẹranko ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fi ìka ya irun náà bí onídìrí ṣe ń ya orí, láti ọrùn dé ìdí ìrù. Ẹ wo ẹ̀yìn etí, abẹ́ àgbọ̀n, abíyá, àárín ọmọ ìka. Ibi tí irun bá ti re róbótó, tí awọ ibẹ̀ ń bó bí ìyẹ̀fun, ẹ fura sí làpálàpá. Bí ẹ bá rí ohun dúdú wẹ́wẹ́ bí ata gígún, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí tíṣù funfun tó tutù. Bó bá pọn, ìgbẹ́ eégbọn ni, ẹ̀jẹ̀ tó mu ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yìn etí òsì ni mo ti rí ti Ọ̀gá, kò ju èékánná lọ. Ojú tì mí. Ní wọ́ọ̀dù, wákàtí méjì-méjì ni à ń yí aláìsàn tí kò lè dìde, tí à ń wo awọ ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Nílé, mi ò wo nǹkan kan.

Mo pe Màámi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lórí fídíò, mo ròyìn fún wọn.

"Àṣàkẹ́! Ológbò nínú ilé? Gbé e jù síta kíá!"

Mo rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe sọ sí mi lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí Màámi ti ní àtọ̀gbẹ, ojú nìkan ni wọ́n sì máa ń fi hàn mí, pẹ̀lú gèlè. Àtọ̀gbẹ a máa pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Egbò lè wà níbẹ̀ kó má dun èèyàn rárá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí àtẹ́lẹsẹ̀ yín."

"Ẹsẹ̀ bíi ti báwo? Kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ mi."

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wọn di fóònù mú. Láàárín ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, egbò wà níbẹ̀, ó ti ń ṣọyún.

"Mi ò fẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú níbi tó o wà," ni wọ́n ń wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ tán tí wọ́n fi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Làpálàpá mi ti lọ. Irun Ọ̀gá ti ń hù padà. Ẹsẹ̀ Màámi ń jiná díẹ̀díẹ̀, wọn ò gé nǹkan kan níbẹ̀, a dúpẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, mo máa ń ya irun Ọ̀gá, lẹ́yìn náà màá pe ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, tẹ́ ẹ bá pè wọ́n nílé, ẹ má wo ojú nìkan. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà.