Ohùn Àgbà àti Ọgbọ́n Ẹ̀rọ
Ní Ajah, ọmọbìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Lekki sọ fún bàbá rẹ̀ àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, pé láìpẹ́ ẹ̀rọ yóò gbọ́n bí ènìyàn nínú ohun gbogbo. Bàbá ní kí ẹ̀rọ ka "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀". Bákan náà ni ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọmọ mi, ṣé èyí ti gbọ́n tán?"

"Bàbá, wọn kò tíì kọ́ ọ ni."

Òótọ́ ni. Ohùn ènìyàn ni a fi kọ́ N-ATLaS, tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2025, láti gbọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò.

Bàbá sún mọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí àgbà bá gbé ohùn rẹ̀ lọ, ọgbọ́n ẹ̀rọ yóò ṣe pé?